Ìwé-Ìyọ̀ǹda Eré àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Oníbàárà: Ọ̀ràn Dungeons & Dragons láti Ọdún 2000 sí 2025

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ohun tí ó máa ń ṣẹ́ kù nínú ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn oníbàárà nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe ìpinnu tí inú wọn kò dùn sí, tí ó sì tún yí i padà. Ọ̀ràn tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti eré Dungeons & Dragons, tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast, ní ìlú Renton ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, a gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ yìí fẹ́ gba ìwé-ìyọ̀ǹda kan padà, ìwé tí ó ti wà lóde fún nǹkan bí ọdún méjìlélógún. Kí oṣù náà tó parí, ó ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí a kọ nípa ọ̀ràn náà ló fẹnu kò sí pé àwọn oníbàárà jà, wọ́n sì ṣẹ́gun. A kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo ohun tí tọ̀tún tòsì fi ọwọ́ wọn ṣe lẹ́yìn náà, tí a kò tẹ̀lé ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ nìkan, a ó rí i pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó padà wá kì í ṣe irú èyí tí ó lọ. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, ohun tí ilé-iṣẹ́ náà kò lágbára láti ṣe mọ́ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ tọpa rẹ̀.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ là á pé oríṣi oníbàárà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èkíní ni àwọn tí ń ra ìwé eré náà láti fi ṣeré. Èkejì ni àwọn atẹ̀wéjáde kéékèèké, òmíràn ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀, òmíràn ilé-iṣẹ́ elénìyàn mélòó kan, tí ń kọ ìtàn àti àfikún òfin sí orí eré náà, tí wọ́n sì ń tà á jẹun. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ oníbàárà, wọ́n sì tún jẹ́ alábàáṣiṣẹ́. Bí a kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò dàrú mọ́ wa lójú.

Eré náà àti àwọn tí ó ni ín

Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n ṣe Dungeons & Dragons, a sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1974. TSR ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni ó sì wà. Ẹni tí kò bá rí i rí lè fi ojú àlọ́ wò ó. Àwọn ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni apàlọ́, òun ni yóò máa sọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀. Àwọn ìyókù kì í ṣe agberin lásán, nítorí olúkúlùkù wọn ní ẹ̀dá-ìtàn kan tí òun fúnra rẹ̀ ń pinnu ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bá mú iyèméjì dání, wọn a da dáìsì bí àwọn tí ń ta lúdò ti ń ṣe, àyàfi pé èyí tí wọ́n ń lò jù ní ojú ogún.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tà, nígbà náà, kì í ṣe eré gan-an bí kò ṣe ìwé òfin eré. Ẹni tí ó bá ti ra ìwé náà lẹ́ẹ̀kan lè máa ṣeré fún ogún ọdún láìtún ra nǹkan kan mọ́. Ìṣòro yìí ti wà nínú ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì tún bá a pàdé níwájú. Ní ọdún 1997 gbèsè ti wọ TSR lọ́rùn, ni Wizards of the Coast, tí owó ti wọlé fún láti ara káàdì Magic: The Gathering tí wọ́n gbé jáde ní 1993, bá rà á. Ní ọdún 1999, Hasbro, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ra Wizards náà.

Ìwé-ìyọ̀ǹda ọdún 2000

Nígbà tí ẹ̀dà kẹta eré náà jáde ní ọdún 2000, Wizards gbé ìwé kan jáde pẹ̀lú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Open Game License. OGL ni a ó máa pè é. Ryan Dancey, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ni a mọ̀ mọ́ èrò yìí, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe ni ó sì ti mú un. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ìwé kéékèèké tí ń mú eré gbèrú kì í mú èrè gidi wá fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń ṣe wọ́n, gbogbo ẹni tí ó bá rà wọ́n yóò nílò ìwé òfin, ọ̀dọ̀ Wizards ni yóò sì ti rà á. Ó tún ní ìdí mìíràn tí àwa kà sí pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti rí bí eré náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá TSR kú, ó sì fẹ́ kí ó wà ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́.

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kì í ní ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí bí a ti ń ṣe eré. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ òfin eré náà sílẹ̀ ni a lè ní ẹ̀tọ́ lé lórí. Ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ kì í sábà hàn gbangba. Ilé-ẹjọ́ ló lè sọ ọ́, owó agbẹjọ́rò sì lè pa atẹ̀wéjáde kékeré kí ìdájọ́ tó dé. Nítorí náà, àlàáfíà ni OGL fún àwọn ènìyàn: bí o bá tẹ̀lé ìlànà inú rẹ̀, a kò ní pè ọ́ lẹ́jọ́.

Ìpín kẹrin ìwé náà sọ pé ìyọ̀ǹda náà wà títí láé, káàkiri ayé, láìgba owó ìṣákọ́lẹ̀. Ìpín kẹsàn-án sọ pé Wizards lè gbé ẹ̀dà tuntun ìwé náà jáde, àti pé ẹni tí ó ń lò ó lè lo ẹ̀dà èyíkéyìí “tí a fọwọ́ sí”. Kò sí ibi tí a ti sọ bí a ti í fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti sọ bóyá a lè gba ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìwé náà sọ pé títí láé. Kò sọ pé a kò lè gbà á padà. Létí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, nítorí nínú ìbéèrè àti ìdáhùn tí ó gbé jáde ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ó ní bí a bá tilẹ̀ yí ìwé náà padà sí ohun tí ẹnì kan kò fẹ́, onítọ̀hún lè máa lo ti àtijọ́ lọ.

Àwa tí a mọ bí a ti ń fi ilẹ̀ fún àlejò dáko mọ̀ pé irú ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Àlejò tí ó gbin ẹ̀gẹ́ lè kórè, kí ó sì kó ẹrù rẹ̀, bí onílẹ̀ bá yí ohùn padà. Èyí tí ó gbin kòkó tàbí obì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkó ni àwọn atẹ̀wéjáde wọ̀nyí gbìn: ìwé tí a tẹ̀ lábẹ́ OGL ní 2003 ṣì lè máa tà ní 2022, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì lè ti dúró lórí rẹ̀.

Ìyípadà àkọ́kọ́

Àwọn tí ń sọ ìtàn ọdún 2023 kì í sábà rántí pé Wizards ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí ó sì ti yí i padà rí. Ní ọdún 2008 ó gbé ẹ̀dà kẹrin eré náà jáde, kò sì fi í sábẹ́ OGL. Ìwé mìíràn, Game System License, ni ó fi rọ́pò rẹ̀ fún ẹ̀dà náà, ìlànà inú rẹ̀ sì le ju ti ìṣáájú lọ. Ilé-iṣẹ́ Paizo, tí ó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Dragon àti Dungeon fún Wizards títí di ọdún 2007, kò fara mọ́ ọn. Ó padà sí òfin ẹ̀dà kẹta tí ó wà lábẹ́ OGL, ó tún un ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2009 ní orúkọ Pathfinder. Ọ̀pọ̀ oníbàárà bá a lọ.

Wizards gbọ́ ohun tí ọjà ń sọ. Ẹ̀dà karùn-ún jáde ní ọdún 2014. Ní ọdún 2016 ilé-iṣẹ́ náà fi àkójọ òfin rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1, sábẹ́ OGL tí ó ti pa tì. Àwọn atẹ̀wéjáde padà wá, wọ́n sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní èrò tiwa, ìdí tí ìpadàbọ̀ yìí fi rọrùn ni pé a kò fọwọ́ kan ìwé àtijọ́ náà ní 2008. Onílẹ̀ gbé òfin mìíràn kalẹ̀ fún ilẹ̀ tuntun ni. Oko tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ wà síbẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn rí ibi dúró sí, kò sì sí ẹni tí ó pàdánù ohun tí ó ti gbìn. Ti 2023 yàtọ̀ sí èyí pátápátá.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023

Ní oṣù kejìlá 2022, Cynthia Williams, tí ó jẹ́ olórí Wizards nígbà náà, sọ fún àwọn olùdókòwò pé owó tí ń wọlé láti ara eré náà kò tíì tó bí ó ti yẹ. Ìṣòro tí a mẹ́nu bà lókè náà ni: ẹni tó ra ìwé lẹ́ẹ̀kan kì í tún ra òmíràn. Nínú oṣù yẹn kan náà ni a kéde pé OGL mìíràn ń bọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní, akọ̀ròyìn Linda Codega tú àṣírí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lórí Gizmodo.

Owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí. Ẹni tí ó bá pa ju $750,000 lọ lọ́dún yóò san ìdá 25 nínú 100 lórí èyí tí ó bá lé, kì í sì í ṣe lórí èrè bí kò ṣe lórí gbogbo owó tí ó wọlé. Ẹni tí ó bá ti tẹ ìwé rí mọ̀ pé lẹ́yìn owó bébà, owó ayàwòrán àti owó ọkọ̀, èrè tí í kù lórí ìwé lè má tó ìdá 25 rárá. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn tí ń pa iye bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni gbólóhùn tí ó sọ pé OGL àtijọ́ kì í ṣe èyí tí a fọwọ́ sí mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti inú ìpín kẹsàn-án, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí fún ogún ọdún ó lé, ni wọ́n fẹ́ fi fa gbogbo ilé náà lulẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Nínú ìwé tuntun náà, Wizards yóò ní ẹ̀tọ́ láti lo ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá kọ lábẹ́ rẹ̀, láìsanwó, títí láé, ẹ̀tọ́ tí a kò sì lè gbà padà. Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà kò fi sí ìyọ̀ǹda tí ó fún àwọn ènìyàn ní 2000 ni ó rántí láti fi sí èyí tí òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ní 2023. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun fúnra rẹ̀ lè yí ìwé náà padà tàbí kí ó fòpin sí i pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ péré.

Ìwé-ìyọ̀ǹda yìí kò kan àwọn aṣeré ní tààrà. Kò sí ẹni tí yóò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sí ilé rẹ̀ tí ó ń ṣeré. Síbẹ̀ àwọn ni wọ́n lo ohun ìjà tí ó dun ilé-iṣẹ́ náà jù. Hasbro ti ra D&D Beyond, ojú-òpó tí àwọn aṣeré ti ń san owó oṣooṣù, ní ọdún 2022 ní $146.3 mílíọ̀nù, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí fagi lé owó náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wéjáde, Kobold Press kéde ní ọjọ́ 10 pé òun yóò ṣe òfin eré tirẹ̀. Ní ọjọ́ 12, Paizo kéde pé òun àti àwọn ẹlòmíràn yóò ṣe ìwé-ìyọ̀ǹda tuntun tí wọ́n pè ní ORC, tí kò ní sí lábẹ́ àkóso ilé-iṣẹ́ kankan tí ń tẹ eré, Paizo fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí Wizards fọ̀, ní ọjọ́ 13, ba nǹkan jẹ́ sí i ni. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ tí àwọn fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí lásán ni. Wọ́n fi àwàdà dáìsì sí i. Wọ́n ní àwọn ènìyàn yóò máa sọ pé àwọn aṣeré ló borí, pé òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ló borí. Ẹni tí a ṣẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ bá òun pín ayọ̀ ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ 18, Kyle Brink, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó eré náà, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, kò sì yí àwáwí kankan mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n gbé OGL 1.2 jáde pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ìwé náà rọ̀ ju 1.1 lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ gba ọwọ́ kúrò lára ìwé àtijọ́. Àwọn tó ju 15,000 ló dáhùn. Ìdá 88 nínú 100 ní àwọn kò fẹ́ tẹ ìwé lábẹ́ OGL 1.2, ìdá 89 ní inú àwọn kò dùn sí pé kí a gba ọwọ́ kúrò lára 1.0a. Bí àforíjì nìkan bá tó, ìdáhùn náà ì bá ti rọ̀ jù báyìí lọ.

Ní ọjọ́ 27, kí àkókò ìwé ìbéèrè náà tó pé, Wizards yí ohùn padà pátápátá. OGL 1.0a yóò wà bí ó ti wà. Àti pé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí, gbogbo SRD 5.1, ojú-ewé tí ó lé ní 400, ni wọ́n fi sábẹ́ ìwé-ìyọ̀ǹda Creative Commons lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí ó padà wá, ohun tí kò padà

Ìhà kejì ìpinnu yìí ni ó ṣe pàtàkì jù sí wa. Bí ó bá jẹ́ pé OGL nìkan ni wọ́n dá sílẹ̀, ìlérí lórí ìlérí ni ì bá jẹ́, àwọn tí wọ́n sì yẹ ìlérí lánàá ni ì bá tún máa ṣe ìlérí lónìí. Creative Commons kì í ṣe ti Wizards. Kò sí ọwọ́ Wizards nínú bí a ti kọ ọ́, kò sì lè kọ ẹ̀dà tuntun rẹ̀. A sọ ọ́ nínú rẹ̀ kedere pé a kò lè gbà á padà. Ohun tí ó kù kí ẹni tí ń lò ó ṣe ni kí ó dárúkọ ibi tí ó ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ náà ti gé ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn oníbàárà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn aṣeré ni wọ́n tètè gbàgbé. A kò fi èyí bú wọn. Ẹni tí ó ń ra ìwé láti fi ṣeré kò ní oko kòkó tí ó lè pàdánù. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà gan-an ni Baldur's Gate 3 jáde, eré orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Larian ṣe lórí Dungeons & Dragons, ó sì gba àwọn ènìyàn lọ́kàn káàkiri ayé. Nígbà tí ìwé òfin tuntun jáde ní 2024, Wizards ní kò sí ìwé eré náà tí ó tíì tètè tà tó o rí. Bí a bá fi ọjà nìkan wọ̀n ọ́n, a ó sọ pé ọgbẹ́ náà ti jinná.

Àwọn atẹ̀wéjáde kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Ìyípadà ọjọ́ 27 kò dá Paizo dúró: ìwé-ìyọ̀ǹda ORC parí ní 2023, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún náà, Paizo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àtúnṣe Pathfinder jáde lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà kò kéré. Gbogbo ohun tí a bá lè sọ pé inú OGL ni ó ti wá ni wọ́n yọ kúrò: bí a ti ń pín ẹ̀dá-ìtàn sí ẹni rere àti ẹni ibi, bí a ti ń pín idán sí ẹ̀ka, àwọn dírágónì tí a ń fi àwọ̀ ara wọn dá mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbà pé ewu ti kọjá kò ní náwó lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kobold Press pẹ̀lú kò dúró. Ìwé òfin tirẹ̀, Tales of the Valiant, jáde ní 2024.

A lè bi wá pé ṣé ìyípadà náà kò wúlò nígbà náà? Ó wúlò gidigidi. Láìsí i, àwọn kan ni ìbá ti pa iṣẹ́ tì. Tales of the Valiant fúnra rẹ̀, orí òfin tí Creative Commons ti sọ di ti gbogbo ayé ni ó dúró lé, nítorí náà ẹni tí ó kúrò ní ilé Wizards ṣì gbé ohun tí ó wúlò jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ka pé wọ́n ṣì ń lo ọ̀rọ̀ Wizards sí pé wọ́n gba Wizards gbọ́. Nígbà tí SRD 5.2, ti òfin ọdún 2024, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, abẹ́ Creative Commons ni Wizards fi í sí, kò fi í sábẹ́ OGL. Ó dà bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ti mọ̀ pé ìwé tí orúkọ òun wà lórí rẹ̀ kò lè fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀ mọ́.

Ó ku àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró lórí ẹ̀dà kẹta. SRD 5.1 nìkan ni ìpinnu ọjọ́ 27 gbé lọ sábẹ́ Creative Commons; ìwé tí a kọ láti ọdún 2000 lórí òfin ẹ̀dà kẹta, OGL 1.0a ni ó gbé wọn ró. Wizards sọ pé òun kò ní fọwọ́ kàn án. Kò sọ pé òun kò ní agbára láti fọwọ́ kàn án. Ìpín kẹsàn-án wà níbẹ̀ bí a ti kọ ọ́, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, “tí a fọwọ́ sí”, fún ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ìjà yìí.